Bàbá Tó Ń Ṣọ́ Géètì Nínú Géèmù Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ, kò sì ní gba ẹnikẹ́ni láyè láti yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ láìsọ ohun tó wá ṣe. Àmín. Kí o tó kà á síwájú, yí ẹ̀yìn àpòòwé yìí wò. Gọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ fi lẹ̀ ẹ́, mo wá ní kí ìyá rẹ fi òwú pupa rán etí rẹ̀. Tí òwú yẹn bá ti já, a jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà agbégi tí mo fi rán sí ọ ti kà á lójú ọ̀nà. Má bá a jà, ṣáà máa wò ó.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé orúnkún ń dun òun, nítorí náà mi ò sọ. Ilé ìlagi ṣì wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n, ayùn ń ké láti àárọ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó ń bà lé wa lórí oúnjẹ, èmi náà ṣì wà ní géètì. Yàrá méjì tí wọ́n fún wa lẹ́yìn géètì náà la ṣì ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ rí wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Onílífìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n kúkú fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọ̀hún, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni inú rẹ ti ń bí sí mi. Láti ọjọ́ tí o ti mú ọkùnrin yẹn wá, èyí tó ń tún lífìtì ṣe, àpótí tó máa ń gbé èèyàn lọ sókè ilé, o ò wálé mọ́. Ìyá rẹ nìkan lò ń pè. Tí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wàá ní ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa fún ìyá rẹ látìgbà tó ti ń gé aṣọ títí tó fi rán an tán! Mo ń wò ẹ́ ni. Iṣẹ́ mi sì ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ọmọkùnrin náà dé géètì, o ti sáré wọlé lọ kí ìyá rẹ, mo bi í léèrè ẹni tó fẹ́ rí, ó ní èmi ni. Mo ní ṣé ẹni náà mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó wojú mi, ó ní, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀, sà. Ṣé èsì nìyẹn? Mo yẹ àpò rẹ̀ wò, mo bá sípánà níbẹ̀, mo ní kí ló fẹ́ fi sípánà tú nílé wa, ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀. Ó jáde lọ ra omi, nígbà tó dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó fẹ́ rí, torí bí wọ́n ṣe kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá ti jáde, a ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ibẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ. Ìwọ náà gbé báàgì rẹ, o tẹ̀ lé e, o ò wẹ̀yìn.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà rẹ wá dé, tí wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, mo ti mọ̀ pé nǹkan wà nídìí ẹ̀. Ìyá rẹ ní o ní kí n fi ojú ara mi rí iṣẹ́ tí ò ń ṣe, kí n lè yéé fura. Mo ní mi ò fura sẹ́nikẹ́ni, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní géèmù lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, pé ẹni tó bá ń gbá a á di ẹlòmíì, á máa rìn káàkiri ìlú kan tí kò sí níbì kankan, á máa bá àwọn oníjàgídíjàgan jà, tó bá sì wù ú, á lè fẹ́ ẹnì kan lára àwọn tó bá pàdé. Ó ní bí wọ́n ṣe máa fẹ́ra wọn yẹn gan-an niṣẹ́ tìrẹ. O ní ìfẹ́ ti ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ jọ ti ẹlòmíì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ṣáà ti ń kó ẹ̀bùn wá ló máa gba ọmọ lọ.

Mo ní alárenà nìyẹn. Alárenà ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n má tàn mí. Àmọ́ alárenà wo ló ń gba owó oṣù? Ta ló ń san án? Àwọn tó ń fẹ́ra ò sí láyé, òbí wọn ò sí láyé, kò sẹ́ni tó ṣègbéyàwó níbẹ̀, owó wá ń wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé báńkì lo wà. Máníjà wa sì ti ní kí n bá òun bi ọ́, kí ló dé tí báńkì ń yọ owó òun díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òun ò rán wọn níṣẹ́ kankan. Jọ̀ọ́, wá èsì kan fún mi tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

A tan nǹkan náà. Mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù mi kí a tó tan án, mi ò mọ ẹni tó máa yọjú. Orí tábìlì ìránṣọ ìyá rẹ la gbé e lé, ìyá rẹ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sókè, èmi ni mò ń pàṣẹ. Ohun àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé ṣé a gbà. Mo ní gba kí ni? Ló bá kó ìwé jáde, ìwé tí kò lópin, ìyá rẹ ń yí i, ó ń yí i. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ríra. Mo kàn jáde lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ pákó ni, kí n tó padà, ìyá rẹ ti gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ohunkóhun tó bá tìdí ẹ̀ yọ wà. Ó sọ mí di ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó tún bi mí lórúkọ. Mo rò ó pé, ó bi mí lórúkọ kí n tó mọ tiẹ̀? Mo bá fún un lórúkọ máníjà wa, kó lè jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá débi ẹjọ́, òun ni wọ́n máa wá. Mi ò mọ̀ pé gbogbo obìnrin inú ibẹ̀ ló máa máa fi orúkọ yẹn pè mí. Obìnrin kan á bojú wò mí lábẹ́ òṣùpá, á ní olólùfẹ́ mi, á wá dárúkọ máníjà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí máníjà bá kọjá ní géètì, mi ò lè wo ojú ẹ̀. Ó ti bi mí ohun tó ń ṣe mí.

Jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe rí àwọn èèyàn rẹ, torí o ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Àkọ́kọ́ ni ọmọbìnrin tó ń po oògùn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, mo sì fún un lẹ́bùn ọ̀bẹ kan tó mú dáadáa, nǹkan gidi, kì í ṣe òdòdó tí á rọ. Ó gbà á. A jọ ní gbólóhùn asọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan, mo tún fún un ní bàtà. Ló bá dá bàtà padà! Ó ní òun ò ta inú tó ń bí òun, kí n wá sọ̀rọ̀. Mo ní irú obìnrin wo ló ń bínú sí bàtà tuntun? Ìyá rẹ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ní òun mọ ọ̀kan. Mi ò bi í ẹni tí í ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni jagunjagun obìnrin, èyí tó ní àpá lójú. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó máa ń yẹ ẹ̀yìn wò kó tó jókòó. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí nǹkan rẹ bá ti kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí n yan èyí tí mo fẹ́ sọ, èyí tí wọ́n fi ń béèrè ibi tó ti ń bọ̀ ni mò ń yàn. Mo fẹ́ mọ̀ ni! Ó dáhùn, mo tún bi í, torí mo fẹ́ rí i bóyá ó máa sọ ohun kan náà. Ó ní òun ò lè máa bá ẹni tí kò fọkàn tán òun rìn lọ sójú ogun, ó gbé apó rẹ̀, ó lọ, a ò sì rí i mọ́ títí tí àwọn oníjàgídíjàgan fi lù wá bolẹ̀. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé lọ́jọ́ kan tí mo ti bá a sọ̀rọ̀ dídùn, tí mo sì ti bá olóògùn sọ̀rọ̀ dídùn, mo dé ibi tí wọ́n dáná sí, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe yọ, wọ́n dákẹ́. Ta ló sọ fún wọn? Èmi àti ìyá rẹ nìkan la wà nínú yàrá náà. Mo ti kìlọ̀ fún un.

Ìyá rẹ náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀, nígbà tí mo bá wà ní géètì. Ó ti ń bá ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹṣin sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Mo yọjú wò ó lójú fèrèsé, ọkùnrin náà ń bi í pé báwo ni iṣẹ́ òní, ìyá rẹ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wọlé, mo ní báwo ni iṣẹ́ òní. Ó ní kí ni mo fẹ́ jẹ.

Ọ̀rọ̀ gan-an wá kù. Mo rí ọmọbìnrin kan nínú géèmù rẹ tó ń kàwé lójú fèrèsé ilé olókùúta kan, ìyá rẹ ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kí n lọ kí i. Mo dé ẹnu ọ̀nà, bàbá àgbàlagbà kan dúró sí géètì. Ó ní ta ni mo fẹ́ rí. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé ẹni náà mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ó ní kí ló wà nínú àpò yẹn. Ó ní ta ló mọ̀ mí ládùúgbò. Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Ìbéèrè mi nìyẹn! Bí mo ṣe ń tò ó gan-an ló ṣe tò ó, kò fò kankan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti jí ìbéèrè mi, pé dẹ́rẹ́bà agbégi ló tà á fún wọn ní ìlú ńlá, òun ni mo máa ń bi jù. Mo ní kí ìyá rẹ tẹ òótọ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́, bàbá ní kí n padà wá lọ́la. Mo padà lọ lọ́la, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò rí mi rí. Mo purọ́ fún un, kò gbà. Mo fún un lówó, ó ju owó náà sílẹ̀. Òjò dé, mo dúró sínú òjò, ó ń wò mí látinú ilé géètì, ó ń họ irùngbọ̀n. Inú bí mi débi pé mo fọwọ́ gbá tábìlì, abẹ́rẹ́ ìyá rẹ dà sílẹ̀. Mo ní kí ló ń ṣe bàbá yìí? Ṣé ó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ gbó sójú fèrèsé ni? Kí lọmọkùnrin yìí ṣe fún un, gbogbo ohun tó bi í ló dáhùn!

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo rí i pé ìyá rẹ ti fọwọ́ bojú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí ó fi jókòó lé aṣọ oníbàárà, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ti tán, omi ojú ò tán.

Ó wá là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní o ti parí gbogbo àwọn yòókù, bàbá yẹn nìkan lo ò lè parí. Ó ní o kọ ohun tó máa jẹ́ kó ṣí géètì, o pa á rẹ́, o tún un kọ, o tún un pa rẹ́, pé ibẹ̀ ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo ṣe fi já sí padà wá lọ́la. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti sú ọ̀gá rẹ, ó ní tó bá fi máa di ìparí oṣù tí o ò tíì parí ẹ̀, kí ọmọbìnrin náà gba ojú fèrèsé jáde, kí òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn máa lọ, kí ẹ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ó ní o ò gbà. O ní o ò fẹ́ ọmọ tó ń gba ojú fèrèsé jáde nílé bàbá ẹ̀, pé àfi kí bàbá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i. Mo ní ọ̀rọ̀ géèmù nìyẹn ṣá? Ìyá rẹ ní kí n fara balẹ̀. Ó ní ìwọ àti Onílífìtì ti ṣe tán láti fẹ́ra, pé èmi nìkan lẹ̀ ń dúró dè, pé o ò ní ṣe é lẹ́yìn mi, o ò sì ní bẹ̀ mí mọ́.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ jókòó sí géètì. Gbogbo ọkọ̀ tó wọlé, mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, kódà máníjà bi mí bóyá ara mi ò yá. Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn dùn mí wọra. Má jẹ́ kó gba ojú fèrèsé, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́.

Wò ó, mi ò sọ pé èmi ni bàbá yẹn o. Irùngbọ̀n tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Mo kàn ń sọ pé mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń dà á láàmú. Bàbá yẹn ti wà ní géètì látìgbà tí eegun ẹ̀ ti le. Gbogbo ẹni tó ń wá síbẹ̀, wọ́n fẹ́ kọjá ni. Ẹni tó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín fẹ́ kọjá, ẹni tó fún un lówó fẹ́ kọjá, ẹni tó pariwo mọ́ ọn fẹ́ kọjá. Kò sẹ́ni tó wá sí géètì nítorí ẹni tó wà ní géètì. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń wá síbẹ̀ tí á dúró ni ọmọ yẹn, tó bá tiléèwé dé, á sọ báàgì sílẹ̀, á máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ fún un, á máa sọ ìtàn tó dá ro nínú orí ara ẹ̀ nípa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, pé ẹni yìí ń lọ fẹ́yàwó, pé ẹni yẹn ń sá fún ọkọ. Òun náà lẹnì kan wá gbé àpò sípánà dé pé kí bàbá ṣílẹ̀kùn fóun kóun mú lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Bí géètì ṣe máa rí lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán ló ń bà á lẹ́rù.

Nítorí náà, kọ ọ́ báyìí. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà má kó ẹ̀bùn wá. Kó má tò ó lẹ́sẹẹsẹ bóun ṣe nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, bàbá lójú, ó rí i. Kó kàn ní, Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti wà lórí ìdúró, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣọ́ ọ díẹ̀, kí ẹ lọ jẹun. Kó sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Kó má máa yọjú wo fèrèsé. Tí bàbá bá jẹun tán, tó dé, tó sì bá a níbi tó fi í sí, kó yẹ àpò ẹ̀ wò ṣá, ìyẹn ò ṣeé yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ṣí i. Tí ọ̀gá rẹ bá ní ó ti rọrùn jù, sọ fún un pé láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti ń ṣọ́ géètì, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí.

Ó yá, mo fẹ́ gbé kálàmù sílẹ̀, ọkọ̀ ń fọn fèrè níta. Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún tí mi ò sọ. Má fi rán dẹ́rẹ́bà yẹn, fi rán ìyá rẹ lórí fóònù, màá dúró tì í tí ó bá ń gbà á. Kí o wá fi owó àga kan sí i. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú ilé géètì níbí, kò sí èkejì rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹ̀. Kó jẹ́ èyí tó ga díẹ̀, tó lágbára. Mo wo ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ tó dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ kò ní jẹ́ ká fọwọ́ ara wa lé ọ lọ. Iṣẹ́ rẹ kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tí o bá yàn kò ní já ọ kulẹ̀, ojú mi yóò sì rí i. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.